Iye Tó Jáde Nínú Abà Hoekstra

Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, oòrùn ò tíì wọ̀.
Bí oṣù Okúdù ṣe ń ṣe nìyẹn ní Lindsay:
ọjọ́ á gùn bí ẹjọ́ ilẹ̀.
Mo gbé àga kalẹ̀ nínú koríko tútù,
mo kojú sí abà Hoekstra.
Marit wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi tí pákó ti là.
Ẹ̀fọn ń kí mi káàbọ̀ lọ́rùn.
Ẹ̀rọ tí a fi ń kà wọ́n wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi,
lọ́wọ́ òsì, àpótí kékeré
tí ń gbọ́ ohun tí etí ènìyàn ò gbọ́.

Òfin ló ní ká wá.
Ẹni tó bá fẹ́ wó abà kó fi kọ́ ogójì ilé,
ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń sùn nínú àjà.
Ọ̀gbẹ́ni Pettigrew ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹta:
"Ṣé ó tó méjì? Ṣé ó tó mẹ́ta?
Bí kò bá sí nǹkan, katakata á dé lọ́jọ́ Ajé."
Mo ní, "Ọ̀gá, ilẹ̀ ò tíì ṣú."

Sọ̀fíyọ̀ ni mí ní Ìkìrun nígbà kan.
Mo ta okùn la oko kòkó kọjá,
ẹnikẹ́ni ò bi mí pé kí ló ń gbé inú ihò igi.
Òòbẹ̀ inú àjà ilé-ìwé wa, òkò la fi ń kí wọn.
Àdán ńkọ́? Sísun la ń sun ún, pẹ̀lú ata gígún.
N ò ní purọ́, ó dùn.

Ọ̀kan.
Ó já bọ́ lábẹ́ páànù bí ewé tó rántí pé òun níṣẹ́.
Àpótí bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ta, ta, ta-ta-ta,
bí òjò àkọ́rọ̀.
Méjì. Márùn-ún. Mo ń tẹ̀ ẹ́, mo ń tẹ̀ ẹ́.
Mẹ́rìnlá jáde lẹ́ẹ̀kan náà
bí ọmọ iléèwé tí wọ́n lu agogo fún.
Ọ̀kan padà wọlé, mo yọ ọ́ kúrò.
Ìyá ọmọ ni.
Ọmọ kan ṣoṣo lọ́dún, ni Marit wí,
ó rọ̀ mọ́ pákó nínú òkùnkùn, kò tíì lè fò.

Marit ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé
wọ́n ń pọ̀ débi tí wọ́n fi ń bo òṣùpá.
Lẹ́yìn náà ni nǹkan funfun hù sí wọn nímú nínú ihò àpáta,
bí búrẹ́dì tó bu.
Ó jí wọn lójú oorun ọ̀gìnnìtìn,
wọ́n fò jáde sínú yìnyín, wọ́n ń wá oúnjẹ tí kò sí.
Mo dákẹ́.
Oṣù Èrèlé, ọdún àkọ́kọ́ mi níbí,
èmi náà jáde wáṣẹ́ nínú yìnyín.

Ohun tí n ò tíì sọ fún Marit rèé:
Àdùfẹ́ aya mi ti forúkọ sílẹ̀
fún ọ̀kan nínú ogójì ilé yẹn.
Ìkẹtàdínlógún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi mépù.
Ọdún mẹ́fà la ti wà ní yàrá abẹ́ ilẹ̀ nílé onílé,
ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá nìkan là ń rí lójú fèrèsé.
Àwa náà dorí kodò, à ń wo ìṣe ẹyẹ.
Ọmọ wa ti yan ọ̀dà yàrá rẹ̀.

Ilẹ̀ ṣú. Fóònù gbọ̀n lápò mi, n ò gbé e.
Marit yí abà ká pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì pupa níwájú orí.
"Mélòó lọ́dọ̀ tìrẹ?"
Ta ló máa mọ̀ bí mo bá ní mẹ́rin?
Àwọn tí mo kà ò lè jẹ́rìí,
wọn ò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ka àwọn.
Mo tanná wo ojú ẹ̀rọ.
"Mọ́kànlélọ́gọ́ta," ni mo wí,
mo sì fi bírò kọ ọ́, kó má ṣeé pa rẹ́.

Bí mo bá délé, Àdùfẹ́ á bi mí bí iṣẹ́ ṣe rí.
Mo ká àga mi.
Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé
ẹ̀fọn ti kúrò lọ́rùn mi.